Sàárà fún Obìnrin Inú Ìwé

Ní ọdún tó tẹ̀lé ọdún owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, tí owó epo rọ̀bì ń dà wọ̀lú bí ìgbà tí èèyàn gbàgbé ẹ̀rọ omi ní ṣíṣí, kálukú ló mọ ohun tó fi tirẹ̀ rà. Akọ̀wé ìjọba ra tẹlifísàn. Awakọ̀ ra mọ́tò kejì. Àwọn kan tiẹ̀ wà ní Ṣógúnlé tí wọ́n ra fíríìjì kí wọ́n tó fa iná dé ilé wọn, aṣọ ni wọ́n ń kó sínú ẹ̀. Ìsíátù tó ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Òṣòdì ńkọ́? Síléètì lòun rà. Ẹ ò rí nǹkan! Obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, tó ti ní ọmọ-ọmọ mẹ́rin, ló gbé síléètì há abíyá, tó ń lọ kọ́ ábídí ní kíláàsì àgbà.

Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Obìnrin tó ń ta bàtà nítòsí rẹ̀ ní, “Ìyá Mísbáù, ṣé lọ́yà lẹ fẹ́ dà ni?” Ìsíátù ò wo ojú ẹ̀. Ó ní, “Bí mo bá di lọ́yà, ẹnu ẹ ni mo máa kọ́kọ́ pè lẹ́jọ́.” Mísbáù ọmọ rẹ̀ pàápàá, tó ń tún rédíò ṣe, béèrè pé kí ni ìyá òun ń fi ìwé ṣe nígbà tí ọjà ń tà. Ìsíátù ní òun fẹ́ mọ ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ìlú tí òun ti ń gbé láti ọjọ́ yìí. Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti ń jowú àwọn tó ń ka ìwé, tí ẹnu wọn ń mì jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ẹnì kan ń bá wọn sọ̀rọ̀ àṣírí.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kíláàsì náà, nínú ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ṣógúnlé. Orí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé ni wọ́n ń jókòó sí, orúnkún àgbà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ẹni tó ń kọ́ wọn ni Kúnbi Adébánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, onígbàgbọ́, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ ò le, ṣùgbọ́n tó bá ti gbé ṣọ́ọ̀kì dání, àwọn tó lè bí i lọ́mọ á jókòó wọ́ọ́. Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é.

Nígbà tí Ìsíátù lo ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ní kíláàsì náà, Tíṣà yá a ní ìwé ìtàn àròsọ kan. Orúkọ ìwé náà ni Ẹní Àlejò. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Felix Olúbọ̀wálé ló kọ ọ́. Ìwé ìròyìn ti yìn ín, rédíò ti sọ̀rọ̀ ẹ̀, wọ́n ti fún un lẹ́bùn ní Ìbàdàn, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sì ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìsíátù ò mọ gbogbo ìyẹn. Ohun tó mọ̀ ni pé wọ́n gbé ìwé tó nípọn tó búrẹ́dì lé òun lọ́wọ́, wọ́n sì gbà pé òun lè kà á. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó kúnlẹ̀ fún ọmọ kékeré yẹn níwájú kíláàsì, Tíṣà náà sì sáré kúnlẹ̀, wọ́n wá ń bẹ ara wọn pé kí ẹnì kejì dìde.

Orí ìjókòó ọjà ló ti ń kà á. Ìka ló fi ń tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ ń mì. Bí rélùwéè bá ń kọjá tí gbogbo abọ́ ń gbọ̀n, á fi ìka há ojú ibi tó dé, á dúró kó kọjá. Bí oníbàárà bá ní, “Èló ni kúlà yìí?” á ní, “Ẹ fara balẹ̀ fún mi, mo dé ibi tó le.” Kò ṣe irú ẹ̀ rí. Òun tó máa ń pe oníbàárà láti òdìkejì ojú irin!

Ìtàn obìnrin kan tó ń jẹ́ Abíọ́nà ni. Ojú ọ̀nà ni wọ́n bí i sí, ojú ọ̀nà náà ló sì ti ń jẹun. Ó fi ọmọ méjì sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá wọn, ó di aṣọ lẹ́rù, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí ìkejì, ó ń wá ohun tí yóò fi tọ́ wọn. Ìlú kan létí òkun ni àìsàn ká a mọ́, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́ èdè rẹ̀. Obìnrin oníyọ̀ kan ló gbà á sílé. Ó tẹ́ ẹní tuntun tí kò tíì sùn lé rí fún un, ó gbé orí rẹ̀ lé itan ara rẹ̀, ó ń fi ṣíbí fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Abíọ́nà ń pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Oníyọ̀ ò mọ̀ pé orúkọ ni, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá pè, á dá a lóhùn ní èdè tiẹ̀ pé, “Mo wà níbí.” Nígbà tí àkùkọ kọ, Abíọ́nà kú. Oníyọ̀ pa fèrèsé dé. Ibẹ̀ ni ìwé parí sí.

Ní ọ̀sán Wẹ́sìdeè kan ni Ìsíátù ka ibẹ̀ tán, ó sì bú sẹ́kún láàárín ọjà. Ẹ̀rù ba oníbàárà tó ń wo àwo lọ́wọ́, ó ní, “Yéè! Ta ló kú?”

“Abíọ́nà ni.”

“Abíọ́nà wo? Èyí tó ń ta ata?”

“Abíọ́nà inú ìwé.”

Obìnrin náà rọra gbé àwo sílẹ̀, ó lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìlà wọn ti gbọ́ pé ìwé ti yí Ìyá Mísbáù lórí.

Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́, pé òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Ìyá tó bí i gan-an ni Ìsíátù ń sunkún. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, Mùktárù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, nígbà tí ìyá wọn di aṣọ òfì lẹ́rù ní Ìsẹ́yìn, tó lọ tà á ní Kùmásí, ní ilẹ̀ Gáná. Mùktárù ló ru ẹrù náà dé ìdí ọkọ̀. Ìyá wọn fọwọ́ pa á lórí, ó ní, “Àjò ò dùn kí onílé má relé. Máa retí mi.” Fún ọdún méjì, àwọn oníṣòwò ń mú iṣẹ́ tó rán sí wọn wá. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó kú, kò sẹ́ni tó sọ pé ó wà.

Nígbà tó pé ọdún márùn-ún tí wọ́n ti gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn, bàbá wọn ní kí wọ́n ṣe sàárà, kí ààfáà ṣàdúrà fún un bí wọ́n ti ń ṣe fún òkú Mùsùlùmí. Mùktárù ti di ọ̀dọ́kùnrin nígbà náà. Ó fi ẹsẹ̀ gbá àwo àkàrà dànù lójú gbogbo ẹbí. Ó ní, “Ẹni tí ẹ ò rí òkú rẹ̀ lẹ fẹ́ jẹ àkàrà rẹ̀! Ìyá mi ní kí n máa retí òun, mo sì ń retí rẹ̀!” Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò dá ọ̀rọ̀ àdúrà òkú sílẹ̀ mọ́. Kò jẹ́ kí wọ́n tiẹ̀ dárúkọ obìnrin náà lójú òun, àfi ẹni tó bá ní ìròyìn tuntun. Bàbá wọn kú, àwọn àbúrò bàbá wọn kú, Mùktárù di olórí ẹbí, ọ̀rọ̀ náà sì wà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìjọba Gáná wá lé àwọn àjèjì, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó àwọn èèyàn wa bọ̀, Mùktárù pa ìsọ̀ ẹran rẹ̀ tì. Oṣù méjì gbáko ló fi ń lọ pàdé àwọn ọkọ̀ náà, tó ń yẹ ojú gbogbo arúgbó obìnrin wò. Ìsíátù lọ mú un wálé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ò wá mọ́. Ó ní, “Ìsíátù, òmíràn ṣì ń bọ̀.”

Ṣé ẹ rí i, Ìsíátù fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí. Òun ló tọ́ ọ, òun ló fà á fọ́kọ, òun ló ra àpò abọ́ àkọ́kọ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Láàárọ̀ ọjọ́ gbogbo ni Mùktárù máa ń yà ní ìsọ̀ abọ́ rẹ̀ tó bá ti pa ẹran tán, tí á fún un ní ẹran inú ewé. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe Ìsíátù síbi fìdáù òkú olókùú, àkàrà ibẹ̀ kì í lọ lọ́fun rẹ̀. Ó gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé ìyá àwọn kú sí ẹ̀bá ọ̀nà, láìsí ẹni tó fún un lómi, àti pé láti ọjọ́ náà, ẹnì kan ò tọrọ àforíjìn Ọlọ́run fún un. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń gbé ìyẹn kiri bí ẹni gbé ẹrù tí kò rí ibi sọ̀ ọ́ sí, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwé Abíọ́nà ló kọ́kọ́ sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀, pé oníyọ̀ kan lè wà níbì kan.

Nígbà tó dá ìwé padà, Tíṣà bi í pé báwo ló ṣe rí i.

“Ó dáa, Tíṣà. Ó dáa jù. Ọlọ́run á fún ẹni tó kọ ọ́ ní ẹ̀mí gígùn. Àmọ́ kò parí ẹ̀.”

“Kò parí ẹ̀ báwo, Màmá?”

“Obìnrin kú, kò sẹ́ni tó ṣàdúrà fún un. Ṣé bí a ṣe ń parí èèyàn nìyẹn?”

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní ibẹ̀ gan-an làwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní ó jẹ́ ògo ìwé náà, pé òǹkọ̀wé fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó lè máa dun òǹkàwé.

“Ó dùn mí dáadáa,” Ìsíátù sọ. “Ẹ bá mi sọ fún wọn pé iṣẹ́ ti ṣe.” Ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kékeré yẹn, ó sọ ti ìyá rẹ̀ fún un, àti ti Mùktárù. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n ṣàdúrà fún ìyá òun kí òun náà tó kú, òun ò sì lè ṣe é lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n òun, torí bí òun bá dá a ṣe, òun ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n náà nìkan ni ọmọ ìyá tòun ní.

Tíṣà gbọ́ ọ tán. Ó ti ìwé náà padà sí i lọ́wọ́. “Ẹ lọ kà á fún ẹ̀gbọ́n yín, Màmá.”

Báyìí ni Ìsíátù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé lọ sílé Mùktárù ní Ìsọlọ̀ ní gbogbo Sọ́ńdè. Mùktárù ń ka Kùránì, àmọ́ kò lè ka ìwé Yorùbá, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́, ó na ara sórí ìjókòó, ó ní òun á sùn bí ọ̀rọ̀ náà ò bá dùn. Kò sùn. Ní Sọ́ńdè kẹta, ó ti ń bá Abíọ́nà jà: “Má ta aṣọ yẹn fún ọkùnrin yẹn, olè ni!” Ní Sọ́ńdè kẹfà, ó ti sọ ọ́ di ìròyìn láàárín àwọn alápatà ní Òṣòdì, tí wọ́n fi ń béèrè lárààárọ̀ pé, “Abíọ́nà ńkọ́? Ṣé ó ti kúrò nílùú yẹn?” Àní ẹnì kan nínú wọn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti lọ́kọ.

Ìsíátù rí i pé ọ̀rọ̀ ń gba ibòmíràn lọ. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ pé àròsọ ni? Ọkùnrin náà rò ó ni, ó sì kọ ọ́.”

Mùktárù wò ó bí ẹni wo ọmọdé. “Àròsọ? Wọ́n ní orúkọ ẹ̀, orúkọ ọkọ ẹ̀, àwọ̀ aṣọ tó rù. Ta ló máa rówó tẹ irọ́ tó nípọn tó báyìí?”

“Ṣebí mo ní ẹnì kan rò ó ni, mi ò ní irọ́ ni.”

“Kàwé, jàre.”

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ìsíátù rẹ́rìn-ín lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àmọ́ bí Sọ́ńdè kẹsàn-án ṣe ń sún mọ́lé, ẹ̀rù ń bà á, torí orí ìkẹyìn ló kù. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìsọlọ̀ lọ́jọ́ náà, èrò kan wá sí i lọ́kàn, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ó sì dùn mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n òun ò lè kàwé. Bí òun bá ní Abíọ́nà gbádùn ńkọ́? Bí òun bá ní ó wọ ọkọ̀, ó ń bọ̀ wálé, ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà? Ta ló máa mọ̀? Felix ò sí níbẹ̀. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà Mùktárù, ó ti to ọ̀rọ̀ náà tán lẹ́nu.

Ó wọlé, ó bá Mùktárù tó ti fárí, tó wọ bùbá funfun, tó ti ní kí wọ́n gbálẹ̀ yàrá.

“Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ń lọ?”

“Mi ò lọ síbì kankan. Ṣebí òní lobìnrin yẹn máa délé.”

Ìsíátù jókòó. Ó wo ọkùnrin arúgbó yìí nínú aṣọ funfun, ó sì mọ̀ pé bí òun bá mú Abíọ́nà délé lónìí, Mùktárù á máa retí ìyá wọn títí wọ́n á fi gbé e lọ sí ibojì. Irọ́ dídùn náà ni wọ́n á sì jọ sin mọ́ ọn. Ó ní bísímílà nínú ọkàn rẹ̀, ó ṣí ìwé, ó sì ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ka àìsàn náà. Ó ka ẹní, ó ka ṣíbí, ó ka orúkọ àwọn ọmọ tí Abíọ́nà ń pè àti ìdáhùn oníyọ̀. Ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀, kò fo ọ̀kan. Ó ka fèrèsé tí wọ́n pa dé, ó sì pa ìwé dé.

Mùktárù ń wo ìwé tó pa dé náà. Ó wá ní, “O ní ó fún un lómi.”

“Ó fún un lómi.”

“Tó gbé orí ẹ̀ lé itan.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n.”

“Ta ló wá ṣe sàárà fún un?”

“Kò sẹ́ni.”

“Kò sẹ́ni kẹ̀? Àwọn ọmọ méjì tó bí ńkọ́?” Ó ti ń bínú, ohùn rẹ̀ ti ga. “Àwọn yẹn ò sí láyé ni? Kí ni wọ́n ń ṣe, tí ìyá wọn fi kú bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tọrọ àánú Ọlọ́run fún un? Irú ọmọ wo nìyẹn?”

Ìsíátù ò lè gbé ojú sókè. Ó ní, “Wọ́n ń retí ẹ̀ ni.”

Ọwọ́ Mùktárù tó ti nà jáde fún ìbínú dúró lókè, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ sórí orúnkún rẹ̀. Ó dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí i. “Máa lọ sílé, Ìsíátù.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́...”

“Mo ní kó o máa lọ.”

Ó lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mùktárù ò yà ní ìsọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ kẹta, kò yà. Ẹni tó ti ń yà níbẹ̀ láti bí ogún ọdún, òjò ò dá a dúró rí, ogun ò dá a dúró rí! Ní ọjọ́ kẹrin, Ìsíátù rí i lókèèrè tó gba ẹ̀yìn ojú irin kọjá, kó má bàa gba iwájú òun. Ó jókòó láàárín abọ́ rẹ̀, ó ń wò ó títí èrò fi bò ó. Inú bí i sí ìwé, inú bí i sí Tíṣà, inú bí i sí ara rẹ̀ tó gbé síléètì há abíyá ní àkọ́kọ́. Kí ni òun ń wá gan-an? Òun fẹ́ fi òkú kan tu ara òun nínú, òun sì ti fi ẹni tó kù fún òun láyé ṣòfò. Kò lọ kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ náà.

Ó di Sọ́ńdè. Ó ń fọ aṣọ lọ́wọ́ ní àgbàlá nígbà tó gbọ́ igbe àgbò. Ó gbójú sókè, Mùktárù ló ń wọlé bọ̀, ó fa àgbò ńlá kan lókùn, Ààfáà mọ́sálásí wọn àti alápatà méjì tẹ̀ lé e. Ìsíátù kúnlẹ̀ nínú omi ọṣẹ.

Mùktárù ò wojú rẹ̀. Ó ní, “Rẹ ẹ̀wà, kó o dín àkàrà. A fẹ́ ṣe sàárà fún Abíọ́nà.”

Áà! Kí ni kí obìnrin ṣe? Ó dìde, ó dín àkàrà. Ó ń dín in, ọ̀rọ̀ ń jà nínú rẹ̀. Ṣé kí òun tún sọ fún un pé kò sí Abíọ́nà kankan? Ṣé kí òun jẹ́ kí Ààfáà máa ṣàdúrà fún ẹni tí Ọlọ́run ò dá? Àbí inú ìtìjú ni òun máa ti ẹ̀gbọ́n òun sí, lójú àwọn alápatà rẹ̀? Ó rán Mísbáù lọ pe Tíṣà ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí òun nìkan ló lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà. Tíṣà dé pẹ̀lú fìlà ṣọ́ọ̀ṣì lórí àti Bíbélì lọ́wọ́. Àwọn aládùúgbò ti jókòó sórí ẹní, wọ́n ti dú àgbò, àkàrà ti kún àwo tánganran mẹ́ta, kò sí àyè àlàyé mọ́.

Ààfáà gún ara rẹ̀ jókòó. Ó ní, “Kí la ń pe olóògbé?”

Gbogbo wọn yíjú sí Ìsíátù, torí òun ló ka ìwé. Ó ní, “Abíọ́nà ni wọ́n pè é.”

“Ọmọ ta ni? Mo ní láti mọ orúkọ bàbá rẹ̀, kí n lè fi dárúkọ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run.”

“Ìwé ò sọ orúkọ bàbá rẹ̀.”

Ààfáà wo Mùktárù. “Alápatà, ta ni mo wá ṣàdúrà fún gan-an?”

Ìsíátù ti la ẹnu, ó fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ jáde kó tó burú jù báyìí lọ, nígbà tí Mùktárù gbé ọwọ́ sókè. Orí ẹní ló ń wò, kò wo ẹnikẹ́ni.

“Àwáwù,” ló wí. “Àwáwù ọmọ Súlè, ará Ìsẹ́yìn. Ìyá mi ni. Èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n ṣàdúrà fún un láti ọjọ́ yìí, Ààfáà. Kò sí ẹlòmíràn tó jẹ̀bi. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run.”

Ìsíátù ké. Láti kékeré rẹ̀, kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Ó fà sún mọ́ ọn lórí ẹní, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń pè é ní bàbá, ó ń pè é ní ọkọ òun. Ààfáà ò bi wọ́n ní ìbéèrè mọ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dárúkọ Àwáwù ọmọ Súlè níwájú Ọlọ́run, ó tọrọ àforíjìn fún un, ó ní kí Ọlọ́run fẹ ibojì rẹ̀ fún un, ibikíbi tí ibojì náà bá wà. Gbogbo ilé ń ṣe àmí. Ìsíátù ń sunkún, ara rẹ̀ sì ń fúyẹ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde, inú rẹ̀ dùn, kò fi pa mọ́. Nígbà tí wọ́n gbé àkàrà kiri, ó mú mẹ́ta, ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán.

Lẹ́yìn náà ló yí orúnkún sí Mùktárù, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an. Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́.”

“Èmi kọ́ ni wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.” Ó yíjú sí Tíṣà tó jókòó létí ilẹ̀kùn. “Ọmọ mi, ìwọ náà o ṣé o. Ta lo ní ó kọ ìwé yẹn?”

“Felix Olúbọ̀wálé ni, sà.”

“Ààfáà, ẹ bá mi ṣàdúrà fún Felix.”

Ààfáà tó ti ń kó ẹsẹ̀ sínú bàtà dúró. “Felix? Ṣé Mùsùlùmí ni?”

“Onígbàgbọ́ ni, sà,” Tíṣà dáhùn jẹ́jẹ́.

Ààfáà wo àwọn alápatà, àwọn alápatà wo àwo àkàrà. Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n. “Alápatà, ọ̀rọ̀ yìí...”

“Ààfáà.” Omi ti dé ojú Mùktárù, kò sì nù ún. “Ọwọ́ mi ò tó ibi tí ìyá mi kú sí. Ọkùnrin yẹn bá mi fún un lómi. Ẹ ṣàdúrà fún un.”

Ààfáà tún jókòó. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí Ọlọ́run bá òun ṣíjú àánú wo Fẹ́líìsì, kó fún un lẹ́mìí gígùn, kó fún un lọ́mọ, kó má ṣe jẹ́ kó kú sí ìlú tí wọn ò ti gbọ́ èdè rẹ̀. Àwọn alápatà ṣe àmí. Tíṣà ṣe àmín tirẹ̀. Ìsíátù ṣe é títí ohùn rẹ̀ fi há, síbẹ̀ ti Mùktárù ló ròkè jù láàárín wọn.